Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Lẹ́yìn Bọ́ọ̀lù

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí wọ́n sọ mí lọ. Fáànù àti rédíò ni mò ń tún ṣe níwájú ilé, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ni ọkàn mi máa ń wà. Mo kan pákó mẹ́fà mọ́ ògiri níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló sì tò sórí wọn láti ilẹ̀ dé òkè. Kì í ṣe fíìmù tí wọ́n ń tà nígboro o. Ti inú ilé ni: ìgbéyàwó àwọn tí ọmọ wọn ti ń ṣègbéyàwó báyìí, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ìyá àgbà kan tó ń bá kámẹ́rà jà pé kó yéé wo òun. Àwọn tó ni wọ́n fẹ́ dà wọ́n nù. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dà wọ́n nù, kí wọ́n kó wọn wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Màá fi òwú àti sípírítì nu inú ẹ̀rọ, màá ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rọ á gbé e mì pẹ̀lú ìró kékeré yẹn tí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí kò lè mọ adùn rẹ̀, àwòrán á gbọ̀n díẹ̀ kó tó dúró. Bàbá apárí kan á rí ara rẹ̀ pẹ̀lú irun lórí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan á rí ọkọ rẹ̀ olóògbé tó ń jẹun tó ń lé eṣinṣin, á bú sẹ́kún. Bí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á ní, "Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, ìwọ lo bá wa tọ́jú àwọn èèyàn wa." Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín bí èèyàn gidi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnu mi tó wọhò. Èmi tí mò ń tọ́jú ìyá oníyàá kiri yìí, mo fi ìyá tiwa pamọ́ fún àbúrò mi fún ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Bàbá wa ni ẹni àkọ́kọ́ tó ra kámẹ́rà fídíò níbi tí wọ́n bí wa sí, iṣẹ́ tó fi bọ́ wa nìyẹn. Ó ní òfin méjì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ rú wọn nínú ilé rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yọ kásẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ná. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ló ti ń gbá mi lọ́wọ́ lórí èyí. Èkejì, bó bá ya nǹkan tán, kó tó bọ́ bàtà, kó tó bu omi mu, á fi ọ̀bẹ kékeré kán ike pélébé kan tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. "Eyín" la máa ń pe ike yẹn nílé wa. Kásẹ́ẹ̀tì tí eyín rẹ̀ bá ti kán, ẹ̀rọ ò ní gbà kí o ya nǹkan mìíràn lé e.

Bàbá máa ń sọ pé, "Tó o bá ti rí i tí eyín ti kán, èèyàn wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Má fọwọ́ kàn án."

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí màmá bí àbúrò mi obìnrin. Inú bàbá dùn débi pé ó ń ya ìyá àti ọmọ ní díẹ̀díẹ̀, lónìí ìṣẹ́jú márùn-ún, lọ́la mẹ́wàá, títí ó fi tó bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, àìsàn kọ lu màmá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò, ó sì lọ. Bàbá kán eyín kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "Ìyá àti Ọmọ" sí bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé e sórí pákó òkè pátápátá. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wò ó títí ọmọ á fi gbọ́n tó ẹni tó lè jókòó wo ìyá rẹ̀. Lójú tèmi, òun fúnra rẹ̀ ni kò lè wò ó.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù kan. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì mi pé màá gbà á sílẹ̀, pé kí wọ́n wá wò ó nílé wa, a ó sì máa wò ó títí ayé. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni mo tó rí i pé bàbá ti kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ síbi iṣẹ́. Mo gun àga. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò mọ èyí tí mo mú. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rò ni pé oníwákàtí mẹ́ta ni, màmá ò ju àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ nínú rẹ̀, ẹ̀yìn màmá ni màá fi bọ́ọ̀lù sí, ta ló máa mọ̀? Mo rún bébà sínú ihò eyín tó kán, mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ẹ̀rọ sì gbà. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì náà sáré kọjá ibi tí màmá parí sí. Ó kù kí n tẹ bọ́tìnnì.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi bá kanlẹ̀kùn. Mo rántí pé àkọlé bàbá wà lára kásẹ́ẹ̀tì, ojú sì tì mí pé kí wọ́n má lọ rí i. Mo ní kí n yọ ọ́ kíá kí n fi bébà bo ojú rẹ̀. Ìka mi ti tẹ bọ́tìnnì ìyípadà kí n tó yọ ọ́, bí bàbá ṣe kọ́ mi láti kékeré. Mo ń bá àwọn ọmọ náà pariwo láti ojú fèrèsé, mi ò mọ̀ rárá pé ìka mi ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bo àkọlé náà, mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà, fèrè dún, mo tẹ̀ ẹ́.

Ìdajì eré ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni iná lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣépè fún àwọn oníná títí ètè wọn fi gbẹ, wọ́n sì bínú lọ sí ilé wọn. Nígbà tí iná padà dé, mo ní kí n wo ibi tí mo gbà. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì pátá. Mo kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo jẹ́ kó máa lọ títí tó fi di ìṣẹ́jú kẹrìndínláàádọ́ta. Àwòrán bá fò, màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń ká aṣọ ọmọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù lára rẹ̀.

Ǹjẹ́ kò yẹ kí n sọ nígbà yẹn? Ó yẹ. Mo gbé kẹ́tùlù kaná dípò bẹ́ẹ̀. Mo fi ooru omi gbígbóná ṣí bébà tí bàbá kọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan, mo kán eyín ìyẹn náà, mo gbé e sórí pákó òkè. Èyí tí màmá wà nínú rẹ̀ gan-an, mo fi sábẹ́ àwọn ìwé mi.

Nígbà tí àbúrò mi pé ọdún márùn-ún, bàbá wọ aṣọ tó dára jù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, òní lo máa rí màmá ẹ." Ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Wóróworo funfun àti dúdú ló ń hó lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó yọ ọ́, ó wo eyín rẹ̀, eyín ti kán. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bóyá ẹ̀rọ ló ní wàhálà.

"Ẹ̀rọ kọ́," ni bàbá wí. "Èmi ni. Mo rò pé mo tẹ̀ ẹ́, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo wá kán eyín kásẹ́ẹ̀tì òfìfo."

Ọkùnrin tí mi ò rí kó bẹ ẹnikẹ́ni rí bá lóṣòó síwájú ọmọ ọdún márùn-ún, ó ní kó dárí ji òun. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ta kámẹ́rà, ó lọ ń to fáìlì ní ọ́fíìsì kan. Ó ní ẹni tí kò lè ya ìyàwó ara rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tó ń ya ìyàwó ẹlòmíràn. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ ìbí àbúrò mi bá ti pé, lẹ́yìn àdúrà, á tún bẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá, ó ti tán." Èmi á máa wo ilẹ̀.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá sọ. Lọ́la di ọdún, ọdún di ogún. Èyí tó wá burú jù ni pé mò ń wò ó. Bí àárò màmá bá sọ mí, màá tilẹ̀kùn, màá wò ó. Mo wò ó nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, mo wò ó nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo wò ó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ìyàwó mi kó ẹrù jáde. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó kásẹ́ẹ̀tì jọ, màá sì máa sọ̀rọ̀ dídùn nípa ìgbà àtijọ́. Irọ́ ni. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ fi pamọ́, mo sì wá irínwó mìíràn tí màá fi yí i ká.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, àbúrò mi mú bàbá wá sílé mi, òun àti páálí kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni báyìí, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni, oyún inú rẹ̀ sì ti pé oṣù méje lẹ́yìn ọdún méje tó ti ń wá a. Ó ti kó bàbá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ibi tó ti ń tú ẹrù bàbá ló ti rí kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógójì tí àwọn oníbàárà ò wá gbà.

"Bọ̀dá mi," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò wọ́n. Ó lè jẹ́ pé màámi bá bàbá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kó pe ẹnì kan lẹ́yìn kámẹ́rà. Gbólóhùn kan péré ni mò ń wá. Mi ò fẹ́ bímọ láì tíì gbọ́ ohùn ìyá mi."

Ọjọ́ Sátidé méjì la fi wo ìgbéyàwó àwọn tí a ò mọ̀. Bí obìnrin kan bá ti rẹ́rìn-ín lẹ́yìn èrò, á yíjú sí bàbá. "Ṣé òun nìyẹn?" Bàbá á ní, "Rárá, ìyá mi." Bó ṣe ń sọ rárá yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹlẹ̀ sínú àga. Ní Sátidé kejì, ó tún bẹ̀ ẹ́ lójú mi. Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo ń fọ apá fáànù tí mo ti fọ̀ láàárọ̀.

Ní Sátidé kẹta, kí wọ́n tó dé, mo mú kásẹ́ẹ̀tì màmá jáde. Mo bó sẹ́lótéèpù kúrò, mo fi abẹ́rẹ́ yọ bébà inú ihò, mo tì í sáàárín àwọn tó kù nínú páálí. Ẹ má rò pé mo fẹ́ jẹ́wọ́ o. Mo fẹ́ kó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, mo sì tún fẹ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe burú tó nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ kó bú mi.

Kásẹ́ẹ̀tì kẹta tí a gbé sí i lọ́sàn-án yẹn ni. Mo ní, "Èyí ò lórúkọ."

Bọ́ọ̀lù jáde. Àbúrò mi mí kanlẹ̀. "Bọ́ọ̀lù lásán ni. Ẹ yọ ọ́, Bọ̀dá."

"Jẹ́ kó sáré díẹ̀ ná, èèyàn ò lè mọ̀." Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sá kìtàkìtà. Bàbá ti fẹ́ máa tòògbé, ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè. Mo gbé ìka kúrò, ìdajì eré parí, àwòrán fò, màmá sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ọmọ lórí itan rẹ̀, ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ju ẹsẹ̀.

"Ṣé o tiẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́?" màmá bi ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. "Kó má jẹ́ pé ihò lásán lo dojú ẹ̀ kọ mí látàárọ̀."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," ohùn bàbá dáhùn, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin. "Iná pupa ń tàn."

"Hẹ̀n-ẹn. Ìyá Àìsùn, wo bàbá ẹ, ojú kan ṣoṣo ló kù fún un. Ìwọ náà, o ò sùn lóru, o ò sùn lọ́sàn-án, ta lẹ jọ ṣe àdéhùn? Ó dáa, máa wò mí. Wò mí dáadáa o, ojú yìí ni kó o máa wá tí ebi bá ti ń pa ẹ́. Má lọ wá ti bàbá ẹ, kò ní nǹkan kan nínú àpò."

Ó rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ti sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó rá lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì rẹ̀ tó ń tàn. Ó ń sọ ọ́ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyá Àìsùn. Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi ni." Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́rin pé, ó yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀, omijé ń ṣàn wọ ọ́ lẹ́nu. "Bọ̀dá mi, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an. Ẹ ò ní wá ohun rere tì láéláé." Ó mú fóònù, ó sáré jáde sí ṣọ́ọ̀bù níwájú láti pe ọkọ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń sunkún tó ń rẹ́rìn-ín pọ̀.

Bàbá na ọwọ́. "Gbé e fún mi."

Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, mo gbé e fún un. Kò wo ojú rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò wá ihò eyín, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń lẹ̀.

"Gọ́ọ̀mù sẹ́lótéèpù," ó wí. Kò gbóhùn sókè. "Bọ́ọ̀lù yẹn mọ́ tónítóní bí àná. Ìyá yín nìkan ni ìlà kún ojú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kì í gbó lójú kan, àfi ojú ibi tí wọ́n bá ń wò. Ìwọ náà sì dúró síbẹ̀ gẹ́ẹ́ láì wo nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti wò ó?"

"Mi ò mọye, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún kejì tí màmá ti kú."

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ìyẹn ni pé mo tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Mo tẹ̀ ẹ́," ó tún un sọ, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ń retí ìgbájú. Ojú tì mí débi pé ìgbájú ì bá tù mí lára. Kò gbá mi, kò bú mi. Ó kàn ní, "Sọ fún un kí ó tó lọ. Má jẹ́ kí ọmọ yẹn gbé ọpẹ́ yìí délé."

Nígbà tí àbúrò mi wọlé padà, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni, ó ń fà mí dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀: àga, bébà, ìka tó yí i padà, kẹ́tùlù, páálí àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò lè gbójú sókè, bàtà rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó lọ dì mọ́ orúnkún bàbá, ó gbé orí lé e. "Bàbá mi," ó ń wí, "gbogbo ọdún tí ẹ fi ń bẹ̀ mí. Gbogbo ọdún yẹn." Bàbá ń fọwọ́ pa á lórí. Àbúrò mi wá yíjú sí mi.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín. Mo rò pé mo lè ro ẹjọ́ mi tán láì dé ibẹ̀ ni.

"Bọ̀dá," ó wí, "ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ ilé ọkọ, mo wá bá yín nínú yàrá yìí. Ọ̀sán ni. Mo bi yín bí ohùn màámi ṣe rí, pé kí ẹ sọ fún mi bó ti lè wù kó kéré mọ. Ẹ wò mí lójú, ẹ ní ẹ ti gbàgbé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kó tó di ọjọ́ yẹn, ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn?"

Irọ́ kan ti wá sí mi lẹ́nu. Bàbá ń wò mí.

"Òun ni mò ń gbọ́ lọ́wọ́ nígbà tó o kanlẹ̀kùn," mo wí. "Mo pa á kí n tó ṣílẹ̀kùn fún ẹ."